Òjé, mákúrì àti ìgbàgbé: ìbéèrè tí wọ́n ń bi wá nílé oògùn ní Àjàṣẹ́

Ẹnu káńtà ilé oògùn wa ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), ní Benin, ni mo ti kó àwọn ìbéèrè yìí jọ. Àwọn kan wá láti Kétu àti Sábẹ̀ẹ́, nípasẹ̀ àwọn tó ní mọ̀lẹ́bí níbí. Mo fi wọ́n sílẹ̀ bí wọ́n ṣe bi wọ́n. Fún ẹni tí kò ní sùúrù àtikà: oògùn wà tó ń fa òjé (plomb) jáde lára, ó sì ń ṣiṣẹ́ gan-an. Ṣùgbọ́n ìrántí tí òjé ti kó lọ, kò sí oògùn tó ń lọ gbà á wá. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ ibi tí òjé ń gbà wọlé á fi pọ̀ lẹ́nu mi bíi ti oògùn fúnra rẹ̀. Ẹ má bínú.

Irin wo gan-an ló ń ba ìrántí jẹ́?

Òjé ni olórí wọn níbí, mákúrì tẹ̀ lé e. Àwọn wẹ́dà tó ń jó irin pọ̀ lè fa èéfín manganese símú fún ọ̀pọ̀ ọdún; ìyẹn máa ń ba ìrìn àti ọwọ́ jẹ́, ó sì lè kan ìrònú pẹ̀lú. Arsenic náà wà, àti àlùmíníọ̀mù lára àwọn tí kíndìnrín wọn kò ṣiṣẹ́ mọ́. Irin tó wà nínú ẹ̀fọ́ àti ẹ̀dọ̀ kò sí lára wọn. Kódà, ẹni tí irú irin yẹn kò tó lára rẹ̀ ni òjé máa ń ráyè wọ̀ jù.

Ohun tó jẹ́ kí òjé burú fún ọpọlọ ni pé ara kò mọ ìyàtọ̀ láàárín òun àti calcium. Ọ̀nà tí calcium ń gbà wọ inú sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ ni òjé náà ń gbà, tó bá sì ti dé ibẹ̀, ó ń dí àwọn sẹ́ẹ̀lì lọ́wọ́ láti ránṣẹ́ síra wọn nígbà tí ènìyàn bá ń kọ́ nǹkan tuntun. Apá ọpọlọ tó ń tọ́jú ìrántí wà lára ibi tó ń kọlù. Ọmọdé ló ń jìyà rẹ̀ jù. Bí ọmọ kékeré àti àgbàlagbà bá gbé ìwọ̀n òjé kan náà mì, ara ọmọ lè fà á mu ní ìlọ́po mẹ́rin sí márùn-ún ti àgbàlagbà.

Níbo ni òjé ti ń bá wa pàdé ní agbègbè yìí? Àwa kò ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ ńlá kankan.

Ẹ kò nílò ilé iṣẹ́ ńlá. Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ lórí bátìrì ọkọ̀. Òjé inú bátìrì kan máa ń tó nǹkan bíi kílò mẹ́wàá. Ẹni tó ń yọ ọ́ á fi àáké la ike rẹ̀, á da omi ásíìdì sílẹ̀ sí ẹ̀bá ògiri, á fa àwọn pẹpẹ òjé inú rẹ̀ jáde, á kó wọn sínú agbada lórí èédú títí wọ́n á fi yọ́. Èéfín rẹ̀ á fẹ́ lọ. Eruku tó kù sílẹ̀ ni kì í lọ: adìẹ á máa tan níbẹ̀, ọmọ á rákòrò kọjá níbẹ̀, á sì ti ìka bọ ẹnu. Ní Thiaroye-sur-Mer lẹ́bàá Dakar, láàárín oṣù kọkànlá ọdún 2007 sí oṣù kẹta ọdún 2008, ọmọ 18 ló kú ní àdúgbò kan ṣoṣo tí wọ́n ti ń yọ òjé bátìrì bẹ́ẹ̀.

Àwọn apẹja etí ọ̀sà wa náà ń lo òjé sí etí àwọ̀n kí ó lè rì. Ẹni tó bá ń yọ́ ọ fúnra rẹ̀ lágbàlá ilé ń ṣe iṣẹ́ kan náà pẹ̀lú ẹni tó ń yọ bátìrì, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìwọ̀n tirẹ̀ kéré. Bí ìkòkò tí ó fi yọ́ ọ bá tún padà sí ilé ìdáná, wàhálà dé nìyẹn.

Tìróò ńkọ́? Mo mọ̀ pé inú àwọn ìyá kì í dùn sí ọ̀rọ̀ yìí, ṣùgbọ́n ó yẹ ká sọ ọ́. Òkúta òjé ni wọ́n ń lọ̀ fi ṣe púpọ̀ nínú tìróò tí wọ́n ń tà lọ́jà. Ní Boston, ní Amẹ́ríkà, lọ́dún 2011, wọ́n rí òjé nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ oṣù mẹ́fà kan tí àwọn òbí rẹ̀ jẹ́ ọmọ Nàìjíríà. Nígbà tí wọ́n yẹ tìróò tí wọ́n ń lé fún un wò, òjé ló jẹ́ ìdá 82.6 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀. Kì í ṣe pé wọ́n lú u ní jìbìtì o. Ohun tí tìróò jẹ́ láti ọjọ́ pípẹ́ nìyẹn. Ọmọ á nu ojú, á sì fi ọwọ́ kan náà bọ ẹnu.

Ẹ̀yin ará Kétu àti Sábẹ̀ẹ́, ti yín ni ẹran ìgbẹ́. Ìwádìí tí wọ́n ṣe lára àwọn ìyá àti ọmọ wọn ní Allada, níbí ní Benin, fi hàn pé òjé pọ̀ lẹ́jẹ̀ ọ̀pọ̀ ọmọ kéékèèké. Lára ohun tí wọ́n tọ́ka sí ni jíjẹ ẹran tí ọdẹ fi ọta òjé pa, àti ọ̀dà ilé tó ń ṣí. Ọta náà máa ń fọ́ wẹ́wẹ́ sínú ẹran, ìwọ̀nba tí ojú rí nìkan ni a sì ń yọ. Ẹ gé ibi tí ọta gbà kọjá dànù fẹ̀ẹ́rẹ̀fẹ̀, ẹ má sì fún ọmọ kékeré jẹ nínú rẹ̀ rárá. Èmi kò ní kí ọdẹ má lọ sígbó.

Ó ku ìkòkò tí wọ́n fi àwókù irin dà. Nígbà tí wọ́n yẹ irú ìkòkò bẹ́ẹ̀ wò ní Kamẹrúùnù, òjé ń yọ jáde láti inú rẹ̀ sínú oúnjẹ tó bá kan. Ó ku amọ̀ tí àwọn aboyún ń jẹ, tí àwọn kan ń pè ní kalába; wọ́n ti rí òjé àti arsenic nínú irú rẹ̀ tí wọ́n ń kó lọ tà ní òkè òkun.

Epo kpayo, epo ọkọ̀ tí wọ́n ń tà nínú ìgò lójú ọ̀nà, ńkọ́? Ojoojúmọ́ ni mò ń fi ẹnu fà á sínú ìgò.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi ẹnu fà á mọ́. Ṣùgbọ́n òjé kọ́ ni ẹ̀sùn rẹ̀ báyìí. Wọ́n fẹnu kò ní Dakar lọ́dún 2001 pé kí gbogbo ilẹ̀ Áfíríkà ìsàlẹ̀ Sàhárà yọ òjé kúrò nínú epo ọkọ̀, nígbà tí ọdún 2006 sì wọlé, ó ti parí. Àwọn nǹkan mìíràn ló wà nínú epo tó ń ba ẹ̀jẹ̀ àti ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Ẹni tó ti ń ta epo láti ọdún 1990 wá lè ṣì ní òjé àtijọ́ nínú eegun rẹ̀, ṣá.

Bàbá mi pẹ́ nídìí iṣẹ́ bátìrì ní Ouando, níbí ní Àjàṣẹ́. Báyìí wọ́n á bi wá ní ìbéèrè kan, a ó dáhùn, wọ́n á tún bi í kí iṣẹ́jú márùn-ún tó pé. Ṣé òjé ni?

Ó lè jẹ́ òjé, ó sì lè má jẹ́. Àgbàlagbà tí òjé bá pọ̀ lára rẹ̀ kì í dédé máa gbàgbé nìkan. Wọ́n á máa bínú òjijì, orí á máa fọ́ wọn, inú á máa rún wọn, ìgbẹ́ á le, oríkèé á máa ro wọ́n, ẹ̀jẹ̀ wọn lè máa ru, ẹ̀jẹ̀ náà sì lè dínkù lára. Bí ẹ bá rí mẹ́ta tàbí mẹ́rin nínú èyí lára ẹni tó ti ṣe iṣẹ́ bátìrì, ẹ wá àyẹ̀wò fún un.

Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí òjé bo àwọn nǹkan yòókù mọ́lẹ̀. Rọpárọsẹ̀ kékeré tí ẹnikẹ́ni kò fura sí, àtọ̀gbẹ, ẹṣẹ́ thyroid ní ọrùn tí kò ṣiṣẹ́ dáadáa, àìtó fítámì B12, HIV, àtọ̀sí ńlá (syphilis) tí wọn kò tọ́jú, ìbànújẹ́ ọkàn, gbogbo wọn ló lè mú kí àgbà máa gbàgbé. Sódábì (ògógóró) alaalẹ́ náà ń ṣe bẹ́ẹ̀, pàápàá tí ẹni náà kò bá jẹun. Oògùn oorun àti tramadol tí wọ́n ń rà lójú ọ̀nà náà wà níbẹ̀. Púpọ̀ nínú àwọn wọ̀nyí ló ní ìtọ́jú tó rọrùn ju ti òjé lọ, nítorí náà ẹ jẹ́ kí dókítà wá wọn pẹ̀lú.

Àyẹ̀wò wo ni kí a ṣe?

Ẹ̀jẹ̀ ni. Lórí ìwé dókítà, plombémie ni wọ́n máa kọ. Bí ó bá jẹ́ ìka ọmọ ni wọ́n fẹ́ gún, ẹ ní kí wọ́n jẹ́ kí ẹ fi ọṣẹ àti omi fọ ọwọ́ náà dáadáa kí wọ́n tó fi spírítì nù ún. Spírítì máa ń pa kòkòrò ni, kì í kó eruku òjé kúrò lára awọ, eruku kékeré kan sì tó láti sọ èsì ọmọ tí kò ní nǹkan kan di èyí tó ń dẹ́rù bani. Èsì tó bá ga láti ìka, ẹ jẹ́ kí wọ́n tún un ṣe láti iṣan apá kí ẹnikẹ́ni tó fún yín ní oògùn.

Ẹ wo ìwọ̀n tí wọ́n fi kọ ọ́. Ilé àyẹ̀wò tó ń tẹ̀lé àṣà Faransé máa ń kọ µg/L (ìwọ̀n òjé nínú lítà ẹ̀jẹ̀ kan), ìwé láti Nàìjíríà lè kọ µg/dL (ìwọ̀n nínú ìdá kan nínú mẹ́wàá lítà). 450 nínú ti àkọ́kọ́ àti 45 nínú èkejì, ọ̀kan náà ni. Mo ti rí ẹni tó ń sunkún nítorí nọ́ńbà 48 tí ó rò pé ó ti pa ọmọ òun, µg/L sì ni, èyí tí kò dé 5 ní ọ̀nà kejì. Àjọ Ìlera Àgbáyé, nínú ìlànà tí wọ́n gbé jáde lọ́dún 2021, ní kí a bẹ̀rẹ̀ sí í wá ibi tí òjé ti ń wọlé bí ẹ̀jẹ̀ bá ti dé 5 µg/dL. Ọmọ tí kò ju ọdún mẹ́wàá lọ tí tirẹ̀ bá dé 45 ni wọ́n ní kí ó gba oògùn tó ń fà á jáde. Ti àgbàlagbà máa ń ga ju bẹ́ẹ̀ lọ, dókítà á sì wo bí ara rẹ̀ ṣe rí.

Àyẹ̀wò irun, ẹ fi owó yín sápò. Èyí tí wọ́n ti máa kọ́kọ́ fún yín ní oògùn tó ń fa irin jáde, kí wọ́n tó wọn ìtọ̀ yín, ìyẹn náà kò dára: ìtọ̀ gbogbo ènìyàn máa ga lẹ́yìn irú oògùn bẹ́ẹ̀, ẹni tó ń tà á á sì rí oníbàárà tuntun.

Oògùn wo ló wà, báwo ló sì ṣe ń ṣiṣẹ́?

Iṣẹ́ púpọ̀ nínú wọn ni pé wọ́n á di òjé mú nínú ẹ̀jẹ̀, wọ́n á sì bá ìtọ̀ jáde pẹ̀lú rẹ̀.

Èyí tí a ń lò jù fún ọmọdé ni DMSA, tí àwọn kan ń pè ní succimer. Ẹnu ni wọ́n ń gbà á. Ó wà nínú àkójọ oògùn kòṣeémánìí ti Àjọ Ìlera Àgbáyé. Ìgbà kan rẹ̀ jẹ́ ọjọ́ 19: ọjọ́ márùn-ún àkọ́kọ́ ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́, ọjọ́ mẹ́rìnlá tó kù ẹ̀ẹ̀mejì. Ẹ ṣí kápúsù rẹ̀ sínú ṣíbí, òórùn ẹyin tó ti bà jẹ́ á gba gbogbo yàrá. Ìyá kan dá a padà fún wa pé ó ti bàjẹ́. Kò bàjẹ́, bó ṣe ń rùn nìyẹn, ìtọ̀ ọmọ náà á sì máa rùn. Ẹ pò ó mọ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ tàbí omi èso, ẹ fún ọmọ lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n á máa yẹ ẹ̀jẹ̀ àti ẹ̀dọ̀ rẹ̀ wò bí ó ṣe ń lò ó.

EDTA tó ní calcium nínú, tí wọ́n ń pè ní édétate calcique disodique, gba inú iṣan wọlé ní ilé ìwòsàn nìkan. Ó lè ba kíndìnrín jẹ́, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fún aláìsàn ní omi púpọ̀. Ẹ gbọ́ èyí dáadáa: ìbejì orúkọ rẹ̀ kan wà, EDTA tí kò ní calcium nínú. Ìyẹn á fa calcium ara fúnra rẹ̀ jáde, ọkàn sì lè dúró. Láàárín ọdún 2003 sí 2005 ní Amẹ́ríkà, ọmọdé méjì àti àgbàlagbà kan kú nínú irú ìtọ́jú bẹ́ẹ̀, nítorí pé calcium wálẹ̀ lára wọn.

BAL, tàbí dimercaprol, ni èyí tí wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ nígbà tí òjé bá ti mú ọmọ ní gìrì tàbí tí ọmọ kò mọ ibi tó wà mọ́. Ìlú Oxford ni wọ́n ti ṣe é nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, nítorí gáàsì olóró kan tó ní arsenic nínú. Wọ́n ń gún un sínú ẹran ara, ó sì ń dunni. Òróró ẹ̀pà ni wọ́n fi pò ó, nítorí náà ẹni tí ẹ̀pà kò bá lára mu gbọ́dọ̀ sọ ọ́ kí abẹ́rẹ́ tó wọlé. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò ní G6PD tó, ìyẹn èròjà kan tó ń dáàbò bo ẹ̀jẹ̀, irú wọn sì pọ̀ ní ilẹ̀ wa, ẹ̀jẹ̀ lè máa fọ́ lára rẹ̀ tí wọ́n bá fún un. Wọn kì í fún ènìyàn ní oògùn ẹ̀jẹ̀ tó ní irin nínú lásìkò kan náà.

D-pénicillamine wà fún bàbà àti fún òjé nígbà tí kò bá sí èyí tó dára jù. DMPS wà fún mákúrì. Bulúù Prussia sì wà fún thallium, irin olóró mìíràn tí ẹ kò fi bẹ́ẹ̀ lè pàdé.

Ṣé ìrántí rẹ̀ máa padà?

Ìbéèrè tí gbogbo ènìyàn fẹ́ bi nìyí, ẹ̀rù sì máa ń bà wọ́n láti bi í.

Ní Amẹ́ríkà, wọ́n kó ọmọ kéékèèké 780 jọ, àwọn tí òjé ẹ̀jẹ̀ wọn wà láàárín 20 sí 44 µg/dL. Wọ́n fún àwọn kan ní succimer, wọ́n fún àwọn yòókù ní oògùn tí kò ní nǹkan kan nínú. Èsì rẹ̀ jáde lọ́dún 2001: òjé ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀ lára àwọn tó lo oògùn, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n dán ọpọlọ àti ìwà wọn wò, wọn kò sàn ju àwọn tí kò lò ó. Wọ́n tún dán wọn wò nígbà tí wọ́n pé ọdún méje. Kò sí ìyàtọ̀. Èyí ló fà á tí dókítà tó mọ iṣẹ́ kì í fi í sáré kọ oògùn fún ọmọ tí tirẹ̀ kò dé 45. Kì í ṣe ahun ni ó ń ṣe.

Lókè 45, ọ̀rọ̀ yí padà, nítorí ẹ̀mí ni wọ́n ń gbà là. Ní Zamfara, ní Nàìjíríà, lọ́dún 2010, àwọn ará abúlé ń fọ́ òkúta góòlù tó ní òjé nínú nínú ilé wọn, ó sì ju ọmọ 400 lọ tó kú. Médecins Sans Frontières, àjọ àwọn dókítà kan, fún ọmọ 1,156 tí kò ju ọdún márùn-ún lọ ní DMSA láàárín ọdún kan àkọ́kọ́, ikú sì dínkù púpọ̀ púpọ̀. Síbẹ̀, àwọn kan nínú àwọn tó yè fọ́jú, àwọn míì di adití, àwọn míì kò lè kẹ́kọ̀ọ́ bí ẹgbẹ́ wọn. Wọ́n sì kọ́kọ́ gbẹ́ ilẹ̀ olóró kúrò ní àgbàlá kí ọmọ ilé náà tó gba oògùn, torí pé fífún ọmọ ní DMSA nígbà tó ṣì ń fọwọ́ pa eruku òjé dà bí ìgbà tí ènìyàn ń gbọ́n omi inú ọkọ̀ tó lu.

Àgbàlagbà tó fi iṣẹ́ òjé sílẹ̀, tí òjé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì wálẹ̀, lè rí i pé orí òun já gaara díẹ̀: ìbínú á dínkù, oorun á dára, á lè fọkàn sí nǹkan. Ìyẹn kò túmọ̀ sí pé gbogbo ohun tó lọ ló ti dé. Ó máa ń gba oṣù, nígbà míì ọdún.

Wọ́n fún ọmọ mi ní DMSA, òjé wálẹ̀, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ó tún gòkè. Ṣé oògùn náà kò dára ni?

Oògùn dára. Eegun ni. Òjé inú ẹ̀jẹ̀ máa ń dín sí ìdajì láàárín nǹkan bí oṣù kan, ṣùgbọ́n èyí tó bọ́ sínú eegun lè gbé ibẹ̀ fún ogún ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tí oògùn bá ti nu ẹ̀jẹ̀, eegun á tún tú díẹ̀ síta. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fúnni ní ìsinmi, tí wọ́n sì ń tún un ṣe. Bí ó bá wá gòkè kọjá ibi tó bẹ̀rẹ̀, ẹ padà sílé lọ wò ó: nǹkan kan ṣì wà níbẹ̀.

Mo ka pé ènìyàn lè lo oògùn yìí láti fi fọ ara mọ́ kí ọpọlọ lè jí. Èmi kò ní àìsàn kankan.

Ẹ má dán an wò. Wọ́n dán succimer wò lára eku ní Amẹ́ríkà, wọ́n sì kọ ọ́ jáde lọ́dún 2007: eku tí òjé wà lára rẹ̀ kẹ́kọ̀ọ́ dáadáa sí i lẹ́yìn oògùn. Eku tí kò ní òjé rárá, tí wọ́n fún ní oògùn kan náà, ọpọlọ rẹ̀ bàjẹ́, ó sì pẹ́ lára rẹ̀. Oògùn tí kò bá rí òjé á di nǹkan mìíràn tí ara nílò mú. Àwọn tó ń ta omi détox àti kápúsù fífọ ara lórí WhatsApp, èmi kò lè fi ọ̀rọ̀ dídùn sọ èyí: oníjìbìtì ni ọ̀pọ̀ wọn.

Èyí tí ẹ bá sì rà lórí tábìlì ojú ọ̀nà, ẹ kò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Kì í ṣe lásán ni ìjọba fi gbógun ti ọjà oògùn Adjégounlè ní Kútọnu lọ́dún 2017.

Piracétam ńkọ́? Wọ́n kọ ọ́ fún bàbá wa. Aládùúgbò sì ní donépézil dára jù.

Donépézil wà fún àìsàn Alzheimer. Kò sí ẹ̀rí pé ó ń tún ìgbàgbé tí òjé fà ṣe. Piracétam, tí ẹ mọ̀ sí Nootropyl, pẹ̀lú bí a ṣe ń tà á tó, kò sí ẹ̀rí fún un níbí. Kò sí oògùn ìrántí kankan tí wọ́n fọwọ́ sí fún ìgbàgbé tí òjé tàbí mákúrì fà. Bí dókítà bá ti kọ ọ́, ẹ má dá a dúró fúnra yín, ẹ padà lọ bi í pé kí ni ó fẹ́ kí ó ṣe, títí di ìgbà wo. Ní tèmi, owó páálí mẹ́ta á wúlò jù tí ẹ bá fi ṣe plombémie.

Àgbo, ayù, wàrà: ṣé wọ́n ń fa òjé jáde?

Rárá. Ohun tí oúnjẹ lè ṣe ni pé kí ó má jẹ́ kí òjé wọlé púpọ̀. Ọmọ tí inú rẹ̀ ṣófo ń fa òjé mu ju ọmọ tó ti jẹun lọ. Calcium àti irin máa ń du ọ̀nà mọ́ òjé lọ́wọ́ nínú ìfun, nítorí náà wàrà, wàràǹkàṣì, ẹja kékeré tí a ń jẹ teegunteegun, ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́ dára. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí a fún ọmọ tí oúnjẹ rẹ̀ kò tó ní calcium àti irin bí òjé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bá dé 5 µg/dL. Àgbo kan tilẹ̀ wà tó jẹ́ pé òun gan-an ló gbé òjé wọlé, nítorí ohun tí wọ́n lọ̀ mọ́ ọn.

Mo ń fi ìpara bóra. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n, mi ò rántí nǹkan, oorun kò wá. Wọ́n ní mákúrì ni.

Àǹtí, ẹ dá ìpara náà dúró lónìí, ẹ má sì sọ ọ́ nù. Ẹ dì í sínú ọ̀rá, ẹ mú un lọ fún dókítà. Nínú ìpara àti ọṣẹ bojou (èyí tí wọ́n fi ń bóra) kan, mákúrì ló ń mú awọ funfun. Ó ń gba awọ wọlé, ó ń ba kíndìnrín jẹ́, ó sì ń ṣe ohun tí ẹ kà sílẹ̀ yìí gan-an: ọwọ́ gbígbọ̀n, ìtìjú àti ìbínú tí kò ní ìdí, àìsùn, ìgbàgbé. Ẹ wo ara páálí rẹ̀ bóyá ẹ máa rí mercure, calomel tàbí Hg. Púpọ̀ kì í kọ ọ́. Ìtọ̀ ni wọ́n á yẹ̀ wò fún irú mákúrì yìí. DMSA tàbí DMPS ń fà á jáde, ara ọ̀pọ̀ ènìyàn sì máa ń balẹ̀ bí wọ́n bá ti dá ìpara dúró tètè. Ó lè ti dé ara àwọn ọmọ nílé nípa aṣọ ìnura àti ìrọ̀rí, ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ àwọn náà wò.

Mákúrì inú ẹja yàtọ̀. Ní Minamata, ní Japan, níbi tí wọ́n ti mọ̀ nípa àìsàn náà lọ́dún 1956, ilé iṣẹ́ kan ń da mákúrì sínú òkun, àwọn ènìyàn sì ń jẹ ẹja ibẹ̀. Irú mákúrì yẹn, tó bá ti wọ ọpọlọ, kò sí oògùn tó ti mú ohun tó bàjẹ́ padà. Ẹja kékeré ọ̀sà wa kì í ṣe ohun ìbẹ̀rù lórí èyí. Ẹja ńlá tó ń jẹ ẹja yòókù ni mákúrì ń pọ̀ lára rẹ̀. Àwọn ọmọkùnrin wa tó lọ wa góòlù ní Perma ní Atacora ni kí ẹ bi léèrè bóyá mákúrì ni wọ́n ń fi iná sun nínú páànù.

Mo lóyún, mo sì ti jẹ amọ̀ púpọ̀.

Ẹ dá a dúró, ẹ sọ fún agbẹ̀bí. Oyún àti ọmú máa ń tú calcium inú eegun jáde, òjé á sì bá a jáde lọ sọ́dọ̀ ọmọ. Calcium ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ fún yín. Oògùn tó ń fà á jáde, dókítà tó mọ iṣẹ́ yìí nìkan ló lè pinnu rẹ̀, kò sì sí ẹni tó máa sáré fún yín ní oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́. Ẹ má dá ọmú dúró nítorí ìpayà. Ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wò ná.

Ọkọ mi kò ní iṣẹ́ mìíràn ju bátìrì lọ. Kí la máa jẹ?

Ìyàwó wa, mi ò ní sọ pé kí ó fi iṣẹ́ sílẹ̀ lọ́la. Ẹ gbé ibi yíyọ́ kúrò nínú ilé ná, kí ó jìnnà sí kànga àti sí ibi tí ọmọ ń ṣeré. Kí ó má jẹun, kí ó má mu sìgá níbi iṣẹ́. Kí ó bọ́ aṣọ àti bàtà kí ó tó wọlé, kí ó wẹ̀ títí dé irun, kí a sì fọ aṣọ rẹ̀ lọ́tọ̀. Omi ni kí ẹ fi nu ilẹ̀, ẹ má fi ìgbálẹ̀ gbá a, torí ìgbálẹ̀ ń gbé eruku sókè ni. Bí ó bá ṣeé ṣe, kí ó máa ta bátìrì àwókù náà lódindi, kí ó má là á. Owó rẹ̀ kéré díẹ̀, mo mọ̀.

Ọmọ mi ti gba oògùn tán, kò ṣì lè ka ìwé bí ẹgbẹ́ rẹ̀. Ṣé a ó jókòó máa wò ó ni?

Ẹ má jókòó. Ẹ sọ fún olùkọ́ rẹ̀ pé àìsàn ni, pé kì í ṣe olórí kunkun. Kí ó jókòó síwájú, kí wọ́n fún un ní iṣẹ́ díẹ̀díẹ̀ dípò èyí tó gùn. Ẹ máa bá a sọ̀rọ̀, ẹ pa àlọ́ fún un lálẹ́, ẹ jẹ́ kí ó pa á padà fún yín. Ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ etí rẹ̀ wò, torí òjé ń ba etí jẹ́, ọ̀pọ̀ ọmọ tí wọ́n ń pè ní akúrètè kò sì gbọ́ ohun tí tíṣà sọ ni.

Kí ni ká mú lọ́wọ́ bí a bá ń lọ rí dókítà?

Ìgò tìróò, páálí ìpara, amọ̀, àgbo, gbogbo oògùn tí ẹ̀ ń lò, àti ìwé àyẹ̀wò àtijọ́. Ẹ mú àwọn ọmọ yòókù nílé dání. Ẹ má gbé bátìrì lọ. Ilé ìwòsàn ńlá ti Ouémé-Plateau níbí ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, wọ́n lè fi yín ránṣẹ́ sí CNHU, ilé ìwòsàn ńlá ti yunifásítì, ní Kútọnu. Bí ọmọ bá ti ń bì léraléra, tó ń sùn tí kò jí dáadáa, tàbí tí gìrì mú un, ẹ má dúró de àárọ̀. Kí ẹ tó jókòó tán ni kí ẹ ti sọ pé ilé tí wọ́n ti ń yọ́ òjé lẹ ti wá, tàbí pé ẹ̀ ń lé tìróò fún ọmọ, torí ibà ló máa kọ́kọ́ wá sí dókítà lọ́kàn, ó sì ṣeé ṣe kí ó má bi yín.